Bí mo ṣe ṣètò ìrìn ìtàn síbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn obìnrin ológun ní Bronx

Hunter College, ilé ẹ̀kọ́ gíga ní New York, ni wọ́n ti kọ́ wọn, àmọ́ èyí tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti Manhattan. Ẹ tètè kọ ọ́ sínú ìkéde yín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òpópónà 68 làwọn kan máa sọ̀ sí. Ọgbà ti Bronx làwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lehman College ló ń jẹ́ báyìí.

Ibùdókọ̀ Kingsbridge Road, lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin nọ́ńbà 4, ni mo ní ká ti pàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bedford Park Boulevard ló sún mọ́ ọgbà jù. Kingsbridge Armory, ilé àwọn ológun, wà níbẹ̀, inú ilé ràgàjì yẹn làwọn obìnrin náà ti ń yan bí ológun níwájú àwọn ọ̀gá. Lẹ́yìn náà la gba Jerome Avenue lọ sí àríwá.

Ojú ọ̀nà yìí gan-an ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Láti ilé làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá sí Hunter ti Bronx, kò sí ibùsùn níbẹ̀. Nǹkan bí 2,000 obìnrin ló sì ń wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Tí ọ̀wọ́ mẹ́ta bá pàdé, ó ń lọ sí 6,000 nìyẹn. Ibo ni wọ́n fẹ́ sùn? Ìjọba gba ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àdúgbò, àwọn ayálégbé palẹ̀ ẹrù mọ́. Afinimọ̀nà tó bá sáré kọjá àwọn ilé wọ̀nyí kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ kọ̀wé gbàyè ṣáájú kí ẹ tó wọ ọgbà, kí kálukú sì mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Wọ́n á bi yín pé ọkọ̀ ojú omi dà, torí USS Hunter, orúkọ bíi ti ọkọ̀ ogun, ni wọ́n ń pe ibẹ̀ láti ọjọ́ 8 oṣù Kejì 1943. Kò sí ọkọ̀ kankan. Kíláàsì ni wọ́n ti ń kọ́ oyè ológun àti bí a ṣe ń dá ọkọ̀ ogun àti bàálù mọ̀. Wọ́n ń gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì ń ṣe ìdánwò tó máa sọ iṣẹ́ tó kàn. Àwọn WAVES, ìyẹn àwọn obìnrin ọmọ ogun ojú omi, tó gba ibẹ̀ kọjá lé ní 80,000.

Ẹ má fo àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú. Oṣù Kẹwàá 1944 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó pẹ́ jù lójú tèmi. Harriet Pickens àti Frances Wills, àwọn tó kọ́kọ́ gba oyè ọ̀gá nínú wọn, Smith College ní Northampton ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹ má kà wọ́n mọ́ ti Hunter.

Mo ní kí àwọn tó bá mi rìn yan díẹ̀ bí ológun, mẹ́ta mẹ́ta, ẹsẹ̀ òsì ló ń ṣáájú. Mo fi fóònù lu ìgbésẹ̀ 120 ní ìṣẹ́jú kan. Bí àwọn tó ga bá wà níwájú, wọ́n á na ẹsẹ̀, àwọn ẹ̀yìn á máa sáré, ìlà á já. Ẹ fi àwọn kúkúrú ṣáájú.

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá la parí sí. Níbẹ̀ ni Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti jókòó ní oṣù Kẹta 1946, lẹ́yìn táwọn ológun ti kó lọ. Bedford Park Boulevard ni kí ẹ ti wọkọ̀ padà.