Bí a ṣe ń to àbẹ́là Ádífẹ́ǹtì sílé, tí kò fi ní jó tán kí Kérésìmesì tó dé

Ádífẹ́ǹtì ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a fi ń retí Kérésìmesì. Ohun tí a nílò kò pọ̀: àwo tánńganran kan, iyanrìn, imọ̀ àgbọn tútù, àbẹ́là mẹ́rin, àti ìkarùn-ún funfun tí a ó fi pamọ́ di ọjọ́ Kérésìmesì. Ní Àgbádárìgì tí a wà yìí, imọ̀ àgbọn ni èmi ń lò, nítorí pé a kì í rà á. Èèpo àgbọn tí a là sí méjì, tí a sì rọ iyanrìn tútù kún, máa ń di àbẹ́là mú ju ọ̀pá onírin tí wọ́n ń tà lọ́jà lọ.

Àbẹ́là mẹ́ta jẹ́ elése àlùkò. Ti ọ̀sẹ̀ kẹta, tí í ṣe ọ̀sẹ̀ ayọ̀, jẹ́ pínkì. Bí ẹ kò bá rí aláwọ̀ rà, ẹ ya aṣọ aláwọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ so ó mọ́ ìdí àbẹ́là funfun, kí ó má sì ga ju ìka méjì lọ, nítorí iná.

Ọjọ́ Ìsinmi tó sún mọ́ 30 oṣù Kọkànlá jù lọ ni a ń tan èkíní. Ní 2026, ó bọ́ sí 29 oṣù náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà, a ó fi ọ̀kan kún èyí tí a ń tàn.

Títàn án gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣì í ṣe. Àbẹ́là kìíní yóò tan nígbà mẹ́rin, ìkejì nígbà mẹ́ta, ìkẹta nígbà méjì, ìkẹrin lẹ́ẹ̀kan péré; nítorí náà, ìwọ̀n ìgbà tí a ó fi ka Bíbélì, kí a kọ orin kan, kí a sì gbàdúrà, ni kí ó fi jó, kí a sì pa á. Aísáyà 9 ni mo máa ń kà lọ́sẹ̀ kìíní. Ẹ má ṣe fi wọ́n sí ibi tí ọwọ́ lè tó nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Lọ́dún kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú àbẹ́là ọ̀sẹ̀ kẹta lọ sí ilé ìwẹ̀. Nígbà tí mo fi rí i, ó ti yọ́ mọ́ etí garawa, kò ju ìka kan lọ mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ra tọ́ọ̀ṣì ṣáájú àbẹ́là.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ tan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nítorí pé àlejò dé. Johann Hinrich Wichern, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní Hamburg, ní Jámánì, ló to irú èyí sórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ní 1839, kí àwọn ọmọ tó ń tọ́jú lè máa fojú ara wọn ka iye ọjọ́ tó kù. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tàn, kí ni ọmọ ó tún máa kà? Àwọn tó sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti pọ̀ jù kò rántí pé 24 oṣù Kẹsàn-án 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí ìlú wa yìí, tí ó sì tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó ṣe Kérésìmesì níbẹ̀.

Ọyẹ́ máa ń tètè gbẹ imọ̀. Ẹ máa wọ́n omi sí i láràárọ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé.

Ní alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, àbẹ́là mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ti ga jura wọn lọ bí àtẹ̀gùn. Ẹ tan funfun sí àárín wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ lè mú àṣẹ́kù.