Tí Àyà Bá Ń Lù Kì-kì-kì Nígbà Tí Ẹ Bá Dìde: Fún Ẹ̀yin Ọmọ Ìbàdàn Tí Ẹ Ní MS Ní Ìlú Ọba

Àìsàn multiple sclerosis, tí àwọn dókítà ń pè ní MS, kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹni tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀ ní UCH lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àwọn ará ilé á sì ti ní ọwọ́ ayé ni. Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Àwọn ọmọ ogun ara ló ń bá awọ tó bo iṣan (nerve) inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jà. Ẹsẹ̀ tó wúwo àti ojú tó ń ṣe bàìbàì ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn yìí náà ló ń darí ohun tí ara ń ṣe láìjẹ́ pé a rò ó: bí ọkàn ṣe ń lù, bí ara ṣe ń làágùn, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gòkè nígbà tí a bá dìde. Tí MS bá dé ibẹ̀, èèyàn á kúrò lórí ibùsùn, àyà á máa lù kì-kì-kì, òòyì á kọ́ ọ, ojú á ṣókùnkùn. Ooru a máa dá kún un. Ẹni tí oòrùn Dùgbẹ̀ máa ń dá lágara ní oṣù kẹta lè rò pé òtútù Ìlú Ọba ti yanjú ọ̀rọ̀, kí omi gbígbóná tó fi wẹ̀ tún gbé e dé.

Kí ẹ tó kúrò n'Ìbàdàn, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà yín, àti àwòrán MRI lórí díìsì. Tí ẹ bá dé, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò. Nílé, tówó bá wà, èèyàn lè lọ bá dókítà ọkàn tààrà. Lọ́hùn-ún, GP ni ẹnu ọ̀nà. Ní England, fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ni ẹ ó kọ. Òfin kò ní kí ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ tàbí ẹ̀rí àdírẹ́sì wá kí wọ́n tó gbà yín. Owó ìlera tí ẹ san pọ̀ mọ́ físà, £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà, £776 fún akẹ́kọ̀ọ́, ti kó ilé ìwòsàn mọ́ra, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù bíìlì. Àmọ́ wọ́n ń gba £9.90 lórí oògùn kọ̀ọ̀kan ní England ní ọdún 2025. Ọ̀fẹ́ ni ní Scotland àti Wales.

Ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń pàdánù ni iwájú dókítà. Ó béèrè àlàáfíà, a ní a dúpẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló sábà máa ń wà, "a dúpẹ́" á sì ti jẹ ẹ́. Nọ́ńbà ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, kí ẹ ka lílù ọkàn fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá dìde, kí ẹnìkan wà nítòsí nítorí dídákú, ẹ tún kà á bí ẹ ṣe ń dúró títí di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ lò ó pẹ̀lú. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Ìdí rèé: tí lílù ọkàn àgbàlagbà bá fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé sí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kò sì já wálẹ̀, dókítà á ronú kan POTS, àìsàn tó ń mú ọkàn sáré jù nígbà tí èèyàn bá dìde. Tí nọ́ńbà òkè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá fi 20 já, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, nǹkan mìíràn ni, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ń já tí èèyàn bá dìde, ìtọ́jú wọn ò sì dọ́gba. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹṣẹ́ thyroid inú ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àìmu omi tó, àní oògùn pàápàá, lè mú ọkàn sáré. GP á gba ẹ̀jẹ̀, á ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, lẹ́yìn náà ló lè fi yín ránṣẹ́ sí dókítà ọkàn tàbí ti iṣan. Ìdúró náà máa ń gùn. Ẹ má jókòó lásán, nọ́ọ̀sì MS yín ṣeé pè.

Ẹlòmíì á ní kí ẹ máa jẹ iyọ̀ púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, rárá, àfi tí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ nínú ẹbí wa. Àgbo tí ẹ rà ní Bódé, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tí wọ́n bá sì fẹ́ fún yín ní fingolimod, oògùn MS kan, ẹ ti sọ ti ọkàn ṣáájú: ó lè dín lílù ọkàn kù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣọ́ èèyàn. Ẹ má bá wọn jà pé ẹ fẹ́ tètè lọ síbi iṣẹ́.

Tí èdè bá ń fa ìṣòro, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín kékeré ṣe é. Àyà dídùn, dídákú tàbí àìlèmí dáadáa, ẹ pe 999. Èyí tó lè dúró díẹ̀, ẹ pe 111.

Ẹni tó ń wakọ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, àjọ tó ń fúnni ní ìwé ìwakọ̀, pé òun ní MS; tí kò bá sọ, owó ìtanràn lè tó £1,000. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń wakọ̀, àfi pé ìwé ìwakọ̀ wọn lè jẹ́ ti ọdún díẹ̀, tí wọn á máa tún un gbà.