Àwọ̀n Tí A Wú Lábẹ́ Yanrìn ní Svalbard

Nígbà tí mo bá àwọn kan lọ kó pàǹtírí kúrò létíkun, mo ti rò pé a kàn máa rìn létíkun, ká máa ṣa ike sápò ni. Ṣọ́bìrì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́.

Svalbard la lọ, àwọn erékùṣù Nọ́wè tó wà lókè réré níhà àríwá. Ọkọ̀ òkun gbé wa láti Longyearbyen, ìlú tó tóbi jù níbẹ̀, lọ sí etíkun kan tí ẹnì kankan kò gbé. Oṣù Keje ni, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn, aago ọwọ́ nìkan ló ń sọ fún wa pé alẹ́ ti lẹ́. Àwọn amọ̀nà méjì tó gbé ìbọn dání ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi awò wo gbogbo òkè yí ká nítorí béárì funfun, kí wọ́n tó ní ká máa bọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni òfin ibẹ̀. Ohunkóhun tí èèyàn fi sílẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú ọdún 1946, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un, bó tilẹ̀ jọ pàǹtírí. Mo ti gbé pákó kan tí ìṣó rẹ̀ ti dípẹtà, ni amọ̀nà bá ké sí mi. Ó lè jẹ́ ara ahéré ọdẹ àtijọ́. Mo dá a padà sójú àpá rẹ̀ gan-an. Àwọn ìtì igi tí omi gbé wá láti àwọn odò Sàìbéríà náà, a kò fọwọ́ kàn wọ́n.

Àwọ̀n apẹja ni iṣẹ́ wa gan-an. Etí ọ̀kan yọ nínú yanrìn, aláwọ̀ ewé, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo fà á, kò mira. Àwa mẹ́rin fà á, pàbó. A bá ń gbẹ́lẹ̀. Àwọ̀n náà ti gbé òkúta àti koríko òkun mì, gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ di ìṣùpọ̀ kan. Ọ̀bẹ la fi ń gé e ní wẹ́wẹ́, yanrìn sì ń mú kí ọ̀bẹ kú kíákíá, nítorí náà ẹnì kan ń pọ́n, àwọn yòókù ń gé. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ wá ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó fẹ̀ débi tí ìbọ̀wọ́ onírun á fi gba inú rẹ̀. Ìka tó bá tutù kò ṣeé fi di ọ̀bẹ mú.

Nígbà tí a sinmi, mo rìn díẹ̀, mo sì rí orí reindeer kan nílẹ̀, ẹranko tó jọ àgbọ̀nrín. Egungun lásán ló kù, àmọ́ àwọ̀n ṣì wé mọ́ ìwo rẹ̀ méjèèjì, ó lọ́ pọ̀ bí irun tí kò rí òòyà. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo pe àwọn yòókù wá wò ó. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, gbogbo wa padà sídìí ṣọ́bìrì.

Ó gbà wá ní wákàtí mẹ́ta. Ìdí àwọ̀n náà wọnú ilẹ̀ tó ti dì gbagidi, ṣọ́bìrì kò ràn án. A gé e níbẹ̀, amọ̀nà sì kọ ojú ibi tó wà sílẹ̀ fún àwọn tó máa wá lọ́dún tó ń bọ̀.