Áàpù Ìlera Orí Fóònù: Bí Ẹ Ṣe Lè Lò Ó Kó Wúlò fún Yín

Gbígba áàpù ìlera, ìyẹn ètò tó ń ránni létí oògùn tàbí ìrìn, sórí fóònù kò le. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ máa ń wà, nígbà tí fóònù bá dún pé àkókò ìrìn tó, tí ọwọ́ sì tì í kúrò lójú láì kà á. Ní 2019, àwọn olùṣèwádìí tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí áàpù 93 tó jẹ́ ti ìlera ọpọlọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 15, nínú èèyàn 100 tó gba irú áàpù bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣì ń ṣí i kò sábà pé 4. Nítorí náà, bí ẹ bá ti pa ọ̀kan tì rí, ẹ má pe ara yín ní ọ̀lẹ. Lójú tèmi, áàpù náà ló sábà máa ń jẹ̀bi.

Ẹ wá èyí tí èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀

Ní Kenya, wọ́n dán ètò kan wò fún àwọn tó ń lo oògùn HIV, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2010. Kò sí áàpù níbẹ̀ rárá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nọ́ọ̀sì á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré ránṣẹ́: “Mambo?”, bí ẹni ń béèrè pé “Ṣé dáadáa ni?” Kò dárúkọ oògùn, kò dárúkọ àìsàn, kódà bí ẹlòmíì bá yọjú wo fóònù náà, kò ní rí àṣírí kankan. Aláìsàn ní wákàtí 48 láti fèsì pé kò séwu tàbí pé wàhálà wà. Ẹni tó bá ní wàhálà wà, tàbí tó dákẹ́, nọ́ọ̀sì á pè é. Lẹ́yìn ọdún kan, 62 nínú 100 wọn ló sọ pé àwọn ń lo oògùn bó ṣe yẹ. Láàárín àwọn tí wọn ò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí, 50 ni.

Bí ilé ìwòsàn yín bá ní irú ètò yìí, ẹ forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá áàpù kiri. Bí kò bá sí, ẹ bẹ ẹnì kan nínú ilé pé kó máa bi yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa dá a lóhùn ní òótọ́.

Ìró kan ti tó

Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí fóònù ń rán àwọn èèyàn létí pé kí wọ́n dìde rìn. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń dìde lóòótọ́. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ 6, ìránlétí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹnikẹ́ni nàró mọ́, etí ti mọ́ ọn lára. Torí náà, ẹ pa gbogbo ìró áàpù náà, kẹ́ ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ẹ ro àkókò rẹ̀ dáadáa. Ìró aago 7 kò wúlò fún àgbẹ̀ tó ti dé oko láago 6, tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sì wà nínú yàrá. Ẹ so ó mọ́ ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ tó jáde, bíi fífọ ẹnu, kẹ́ ẹ sì gbé oògùn síbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí iye dẹ́rù bà yín

Ìṣísẹ̀ 10,000 lójúmọ́ tí ọ̀pọ̀ áàpù ń béèrè kì í ṣe òfin dókítà. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ìṣísẹ̀, tí wọ́n tà ní Japan ní 1965, ló sọ ọ́ di olókìkí. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2019, lórí àwọn obìnrin àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà, ikú kò pọ̀ láàárín àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 tó bó ṣe pọ̀ láàárín àwọn tó ń rin 2,700. Nígbà tó dé bíi 7,500, àfikún kò fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí iye tẹ́ ẹ ń rìn báyìí, kẹ́ ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. (Ẹni tó bá gbé fóònù sábẹ́ igi kó tó roko, fóònù á ní kò ṣe nǹkan kan látàárọ̀. Ẹ má dá a lóhùn.)

Ìgbà tẹ́ ẹ lè pa á

Nínú ìwádìí kan ní London, ó gba àwọn èèyàn ní ọjọ́ 66, ká fojú dá a, kí ìwà tuntun tó mọ́ wọn lára. Ó yá àwọn kan, ó pẹ́ fún àwọn mìíràn gan-an. Pípa ọjọ́ kan jẹ kò sì ba iṣẹ́ jẹ́. Nítorí náà, bí áàpù bá da iye ọjọ́ yín padà sí òdo torí ẹ gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, òun ló ṣìrò ọ̀rọ̀.

Bẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ti ń lo oògùn kí fóònù tó dún, ẹ lè pa ìró náà. Kì í ṣe pé ẹ já áàpù jù sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló parí. Àmọ́ ẹ má torí ohun tí áàpù sọ dín oògùn kù tàbí kẹ́ ẹ fi kún un láì rí dókítà. Kẹ́ ẹ tó yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, ẹ da gbogbo iye ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà níbẹ̀ kọ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ wọn, kẹ́ ẹ mú un dání bẹ́ ẹ bá ń lọ rí nọ́ọ̀sì.