Kí a tó ju gíábọ́ọ̀sì nù: bí mo ṣe wá àléébù jíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì ọkọ̀ mi rí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí mo ti ń bọ̀ láti Mọ́níyà tí mo ń lọ sí Dùgbẹ̀, ọkọ̀ mi kọ̀ láti wọ jíà kejì. Ẹ́ńjìnnì ké sókè bí ìgbà tí ènìyàn tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ tó tún ń tẹ iná, lẹ́yìn náà ni jíà kẹta wọlé tó sì jù mí síwájú lórí àga. Lẹ́tà D ojú dáṣíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Nígbà tí mo dé ibi tí mo fẹ́ gbé ọkọ̀ sí, mo fa ọ̀pá jíà sí R, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò mira, àfi ìgbà tí àwọn ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ bá mi tì í sẹ́yìn.

Mẹkáníìkì tí ó ń bá mi tọ́jú ọkọ̀, àgbàlagbà tí mo ń pè ní Bàbá, wà á yí ọgbà rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní, "Ọ̀gá mi, jíà ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ sí Ládípọ̀ kí wọ́n bá wa wá tòkunbọ̀ kan." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe pé mo rò pé mo mọ iṣẹ́ jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n gíábọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ náà ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn rí, kò sì sí ẹni tó lè búra fún mi pé àìsàn kan náà kò sí lára rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe kò gba irinṣẹ́ kankan ju ìwé àti bírò lọ. Mo wa ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà kan tó máa ń dá ní ìdájí, mo fi ọ̀pá jíà sí ibi tí awakọ̀ ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan jíà, mo sì ń kọ èyí tó wọlé àti èyí tó kọ̀ sílẹ̀. Ìkíní wọlé, ìkejì kọ̀, ìkẹta wọlé, ìkẹrin kọ̀, ìkarùn-ún wọlé, rìfáàsì kọ̀. Ọ̀nà náà kò gùn tó láti dán ìkẹfà àti ìkeje wò, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ ti tó.

Irú jíà yìí, tí àwọn ọkọ̀ tó ń lo òun ti wà lọ́jà láti ọdún 2003, kì í ṣe ọ̀tọ̀mátíìkì tí a mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí epo ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì kọjá nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ jọ ti mánúàlì gan-an, àyàfi pé kọ̀ǹpútà ló ń bá awakọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì tó sì ń bá a fa fọ́ọ̀kì, irin tó ń ti jíà wọlé. Kílọ́ọ̀ṣì méjì ló ní, ọ̀pá méjì ló sì ń gba agbára wọlé, tí ọ̀kan wà nínú ìkejì bí idà nínú àkọ̀. Nínú irú tèmi, jíà 1, 3, 5 àti 7 wà lórí ọ̀pá kìíní; 2, 4, 6 àti rìfáàsì wà lórí ọ̀pá kejì. Bí a bá ń lọ lórí jíà kẹta, ìkẹrin ti wọlé sílẹ̀ lórí ọ̀pá kejì, ó ń dúró kí kílọ́ọ̀ṣì kejì gbá a mú. Nítorí náà, gbogbo ohun tó kọ̀ nínú ìwé mi jẹ́ ti ọ̀pá kejì, gbogbo ohun tó wọlé sì jẹ́ ti ọ̀pá kìíní. Ká ní pọ́ǹpù epo inú jíà yìí ló kú ni, tàbí kọ̀ǹpútà jíà fúnra rẹ̀, jíà gbogbo ni ì bá kọ̀. Ìdajì ló ṣàìsàn. N kò rí ìdí tí a ó fi sin odindi.

Lẹ́yìn èyí ni mo pe ọmọkùnrin ríwáyà kan tó ní ẹ̀rọ síkáànù tó lè wọ inú kọ̀ǹpútà jíà. Kóòdù àléébù mẹ́sàn-án ló jáde, ọmọkùnrin náà sì mi orí: "Ẹ̀gbọ́n, èyí pọ̀ o." Mo ní kí ó ya àwòrán gbogbo wọn kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí pé kóòdù tí a bá pa rẹ́ láìkọ sílẹ̀ dà bí ẹlẹ́rìí tí a lé kúrò ní kọ́ọ̀tù. P0562 wà nínú wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé iná ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ náà ni U0101, èyí tí ó ń sọ pé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kò gbọ́ ohùn kọ̀ǹpútà jíà mọ́. P2765 náà wà níbẹ̀, ti sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí ọ̀pá kejì ṣe ń yí.

Mo fi mítà wọn bátìrì. Nígbà tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú, fóòtì 12.1 ló kà, bátìrì tó kún dáadáa sì yẹ kí ó ka bíi 12.6. Nígbà tí a ń ṣíná fún ọkọ̀, ó já sí 8.9. Irú jíà yìí kò fẹ́ràn iná tí kò lágbára rárá: mọ́tọ̀ iná ló ń yí pọ́ǹpù epo rẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì lè gbàgbé ara rẹ̀ nígbà tí iná bá já bẹ́ẹ̀. Mo yá bátìrì tó dára, mo tú wáyà ilẹ̀ tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀, mo fi sáńpépà ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, mo sì dè é padà. Ìgbà yìí ni a wá pa àwọn kóòdù rẹ́.

Gbogbo jíà padà. Rìfáàsì wọlé, ìkejì wọlé, ọmọkùnrin ríwáyà sì ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó tì mí, kí a jọ wa ọkọ̀ náà títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná. Lẹ́yìn nǹkan bíi ìṣẹ́jú 11, lẹ́tà D tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Nígbà tí a wo síkáànù, kóòdù mẹ́jọ kò padà mọ́. P2765 nìkan ló padà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ra sẹ́ńsọ̀ níbí yìí. Ṣùgbọ́n kóòdù sẹ́ńsọ̀ kò fi dandan sọ pé sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́; ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni pé ọ̀pá náà kò yí. Láti mọ ìyàtọ̀, mo ní kí ó ṣí nǹkan mẹ́rin sójú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà: eré ọkọ̀, ìyí ẹ́ńjìnnì, ìyí ọ̀pá kejì, àti ibi tí fọ́ọ̀kì jíà kẹrin wà. A pa kóòdù rẹ́, a tún gbéra. Lórí jíà kẹta, eré wa jẹ́ kìlómítà 35 ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì ń yí bíi 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, fọ́ọ̀kì sì fi hàn pé jíà kẹrin ti wọlé sílẹ̀. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ọ̀pá kejì yẹ kí ó máa yí nǹkan bíi 1,490. Ohun tí a rí ni 1,490, 0, 310, 1,490, 0, 0. Fọ́ọ̀kì kò kúrò lójú kan ní gbogbo àsìkò yẹn. Bí jíà bá ti wọlé, táyà ló ń yí ọ̀pá yẹn, yálà kílọ́ọ̀ṣì mú un tàbí kò mú un. Kò sí bí ọ̀pá ṣe lè dúró gbọnin kí ó tún máa sáré, nígbà tí táyà kò dúró. Sẹ́ńsọ̀ ló ń parọ́.

Kí ló ń mú un parọ́? Sẹ́ńsọ̀ yìí ń fi òòfà ṣiṣẹ́, ẹ̀rún irin sì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Mo ní kí Bàbá tú ọ́ọ̀lì jíà, èyí tí kò tó lítà méjì, tó sì yàtọ̀ pátápátá sí epo tí pọ́ǹpù jíà náà ń lò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ̀kan sínú ilé ìkejì. A sẹ́ ẹ gba orí aṣọ funfun kọjá. Ẹ̀rún irin kéékèèké ń dán lórí aṣọ náà, ọ̀kan sì fẹ̀ tó èékánná ìka ọmọdé, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ká kọrọdọ létí kan. Bàbá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Ìbòjú bíárín nìyí." Láti ìgbà yẹn, àwọn ni wọ́n ń darí mi.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìdarí tó wà lára gíábọ́ọ̀sì, mo fi síkáànù tú epo tó há sínú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé agbára tí epo náà fi há sínú rẹ̀ máa ń wà láàrin 40 sí 60 bar (bar ni a fi ń wọn irú agbára bẹ́ẹ̀), ẹni tó bá ṣí i láìròtẹ́lẹ̀ lè fi ojú gbà á. A yọ orí bátìrì, wọ́n sì tú u. Orí sẹ́ńsọ̀ ọ̀pá kejì hu irùngbọ̀n irin dúdú, gẹ́gẹ́ bí orí òòfà tí ọmọdé fi wọ́ ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí gíábọ́ọ̀sì, a rí i pé bíárín tí fọ́ọ̀kì jíà kẹfà àti rìfáàsì ń rìn lé ni ìbòjú rẹ̀ ti fọ́, eyín jíà sì ti lọ apá kan rẹ̀ kúnná. Fọ́ọ̀kì náà la pààrọ̀, a fọ inú gíábọ́ọ̀sì, a nu sẹ́ńsọ̀, a sì da ọ́ọ̀lì tuntun sí i.

Iṣẹ́ kan ṣẹ́ kù tí ọ̀pọ̀ ibi ìtúnṣe máa ń fò: kí a fi síkáànù kọ́ kọ̀ǹpútà ní ibi tí kílọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú àti ibi tí fọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan dúró. Ó kọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná tó. Ìgbà kejì ló gbà. A padà sí ojú ọ̀nà ìdájí yẹn pẹ̀lú nǹkan mẹ́rin kan náà lójú ẹ̀rọ, ọ̀pá kejì sì ń yí láìfò fún ìdajì wákàtí. Nígbà tí a dé ọgbà, Bàbá ní kí n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó sídìí ọkọ̀, wọ́n sì fi rìfáàsì gbé e wọlé fúnra wọn.