Bí A Ṣe Ń Gbin Ẹ̀gbà sí Etí Ọ̀sà

Ẹ̀gbà ni igi ẹnu omi iyọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta bí ẹsẹ̀ akàn. Kì í wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi rẹ̀ le, ikán kì í sì í tètè jẹ ẹ́. Gbòǹgbò yẹn ló ń di ẹrẹ̀ mú kí ìgbì má baà gbé e lọ.

Orí igi ni èso rẹ̀ ti ń hù. Ọ̀pá aláwọ̀ ewé tó so rọ̀ nídìí èso lẹ máa ṣà. Ẹ yí i díẹ̀: tó bá bọ́ wẹ́rẹ́, ó ti gbó, tó bá ń bá yín fà á, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí kòkòrò ti lu, ẹ jù ú nù. Níbi tí akàn bá pọ̀ sí, ẹ kó àwọn ọ̀pá náà síbòji fọ́jọ́ mélòó kan kí awọ wọn lè le. Ọ̀pá tútù ni akàn fẹ́ràn láti jẹ.

Nígbà tí omi bá fà, ẹ ki ìdí ọ̀pá náà wọlẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ọmú kékeré tí ewé máa gbà yọ wà lókè. Ẹni tó bá dorí rẹ̀ kodò ti pa á. Ẹ fi mítà 1 sáàárín wọn.

Ibi tí omi ti ń kún tó sì ń fà ni kí ẹ gbìn ín sí. Tí omi ò bá kúrò lórí rẹ̀ rárá, ó máa rì kú ni, àṣìṣe yìí ló sì wọ́pọ̀ jù.