Bí ìlú ṣe lè gba ilé-iṣẹ́ òkèèrè lálejò láìfi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ará Ṣàgámù pé ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ òkèèrè jìnnà sí i, yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti ń rú èéfín níbẹ̀ láti ọdún 1978, Nestlé ti Switzerland sì ṣí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọgbà ilé-iṣẹ́ Flowergate lọ́dún 2011. Lẹ́tà irú wọn kì í ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò: wọ́n fẹ́ kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n sì fẹ́ kí ọba tàbí baálẹ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n lè ya fọ́tò. Akọ̀wé tí yóò dá lẹ́tà náà lóhùn ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹni tó ń fúnni ní ẹ̀bùn ń wá. Ìjọba orílẹ̀-èdè kan kì í bá ìjọba ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀. Ó tún máa ń wá ojú rere ará ìlú mìíràn ní tààrà, iṣẹ́ yìí sì ni Edmund Gullion, tó ti ṣe aṣojú Amẹ́ríkà nílẹ̀ Kóńgò rí, sọ lórúkọ ní "public diplomacy" lọ́dún 1965. Àbújá ni aṣojú ìjọba wà. Ẹni mélòó ní Rẹ́mọ ni yóò fojú rí i? Ṣùgbọ́n máníjà ilé-iṣẹ́ wà láàárín wa, ọkọ̀ rẹ̀ ń gba ojú ọ̀nà wa kọjá, ọjà rẹ̀ wà nínú ìsọ̀ gbogbo, nítorí náà ohun tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ nípa orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò ju ohun tí a rí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà mọ èyí dáadáa: lẹ́yìn ìkọlù oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, Keith Reinhard, tó jẹ́ ọ̀gá nílé-iṣẹ́ ìpolówó DDB, kó àwọn ilé-iṣẹ́ jọ sínú ẹgbẹ́ Business for Diplomatic Action láti tún orúkọ orílẹ̀-èdè wọn ṣe lójú aráyé. Ohun tí olùfúnni ń wá yìí, ẹ̀rí rere, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ má tà á lọ́pọ̀.

Kí ẹ tó fèsì, ẹ wádìí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà lónìí. Ẹ wo ti sìmẹ́ǹtì Ṣàgámù: Blue Circle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ sílẹ̀. Lafarge ti Faransé ra Blue Circle ní 2001. Ní 2015, Lafarge àti Holcim ti Switzerland di ọ̀kan. Nígbà tó sì di 2025, Holcim ta ìpín rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ yìí, ìdá 83.81 nínú ọgọ́rùn-ún, fún Huaxin ti Ṣáínà, tí Holcim fúnra rẹ̀ tún ní ìpín ńlá nínú rẹ̀. Èéfín kan náà ni a ń rí láti ọjọ́ yìí wá, àmọ́ ilẹ̀kùn tí ẹ lè kàn ń yí padà. Orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí ìlànà tí OECD, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ ajé, gbé kalẹ̀ ní 1976 fún ilé-iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lókèèrè gbọ́dọ̀ ní ọ́fíìsì kan tí ará ìlú òkèèrè lè gbé ẹ̀sùn ilé-iṣẹ́ wọn lọ bá. Switzerland àti Faransé wà lára wọn, Ṣáínà kò sí níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ gan-an, tí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ṣí fún gbogbo ènìyàn ní 2023, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ kúrò lára gbèsè. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìlú ti ń ṣìnà. Abala 116 nínú òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007 pa á láṣẹ pé ilé-iṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ láti wa kùsà tàbí láti fọ́ òkúta gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wọ́n sì máa tún un yẹ̀ wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Ohun tó bá wà nínú ìwé yẹn, gbèsè ni. Bí wọ́n bá ní kí ọba wá ṣí i, ẹ gbà tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n kí lẹ́tà ìdúpẹ́ yín dárúkọ àdéhùn náà àti ọjọ́ tí a tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní àdúgbò tí mò ń gbé, ilé-iṣẹ́ kan gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa. Ẹ̀rọ náà kọṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò tún un ṣe, nítorí ẹnu lásán ni a fi sọ ọ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Pátákó orúkọ wọn nìkan ni wọ́n ń wá tún kùn.

Ti ọdún ìbílẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ní Ọjúde Ọba, tí à ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, Globacom, ilé-iṣẹ́ fóònù, ti jẹ́ onígbọ̀wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ló ń yan aṣọ wọn, àwọn ìdílé balógun ló sì ń gun ẹṣin wọn. Ẹ kọ ibi tí àsíá onígbọ̀wọ́ yóò dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé sínú àdéhùn. (Globacom kì í ṣe àjèjì níbí, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣílẹ̀kùn ní Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 2008, ojú Nàìjíríà ló gbé lọ bá wọn.)

Lẹ́tà èsì kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Kí ó sọ ohun tí ìlú gbà, ẹni tí yóò máa tún un ṣe, iye ọdún tí yóò fi ṣe é, àti ẹnìkan ṣoṣo tí yóò máa gbẹnu sọ fún ìlú. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ààfin, ọ̀kan sí ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀kan sí ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè tí ilé-iṣẹ́ náà ti wá. Ẹ̀dà kẹta yìí ni a sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ẹni tí yóò kà á lọ́hùn-ún ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ojú tí a fi ń wo ìlú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kí ó kọ déètì sí i.